Ayùn Ẹlẹ́ni-Méjì: Bí a ti ń rí i, bí a ti ń tún un ṣe, àti bí a ti ń lò ó



Ẹ kò ní ṣàì rántí igi afàrà ńlá tí ìjì wó lulẹ̀ sí ojú ọ̀nà oko ilé-ẹ̀kọ́ wa. Nígbà tí a rán àwa mélòó kan láti gé e kúrò lọ́nà, a rí ayùn gígùn kan ní kọ̀rọ̀ yàrá irinṣẹ́, tí ó ní èèkù igi ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Inú wa dùn, nítorí a rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ẹni méjì nínú wa dì í mú; wọ́n ń tì í, wọ́n ń fà á, bí ìgbà tí ọmọdé méjì bá ń jà sí àkàrà kan. Ayùn náà ń tẹ̀, ó ń há, ó ń ké. Òógùn bò wá, ṣùgbọ́n nígbà tí wákàtí náà pé, ibi tí a gé kò jìn ju ìbú ìka mẹ́rin lọ. A wí láàárín ara wa pé ayùn náà kò wúlò mọ́.

Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà tí ń bá ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣiṣẹ́ dé bá wa níbẹ̀. Wọ́n wò wá títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ayùn kò ṣẹ̀ yín o. Títì ni ẹ ń tì í. A kì í ti ayùn ẹlẹ́ni-méjì, fífà ni a ń fà á. Bí ẹnì kan bá fà, kí ẹnìkejì rẹ̀ dẹ ọwọ́." A ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." A ṣe bí wọ́n ti wí, ayùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Lẹ́yìn èyí Bàbá fi àtàńpàkò kan eyín rẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Eyín rẹ̀ ti kú. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń pọ́n ọn níhìn-ín ti kú pẹ̀lú."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí kò kúrò lọ́kàn wa. A wádìí ọ̀ràn náà nínú ìwé, a sì rí i pé irú ohun kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí a ti lo ayùn yìí púpọ̀púpọ̀. Ohun tí a rí kọ́ ni a fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín.

1. IRÚ AYÙN TÍ Ó JẸ́

Púpọ̀ nínú wa ti gbọ́ nípa àwọn oníṣẹ́ gẹdú ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń gbẹ́ kòtò, tí wọ́n ń gbé ìtì igi sórí rẹ̀, tí ẹnì kan dúró lókè, tí ẹnìkejì sì wà nínú kòtò, tí wọ́n sì ń fi ayùn gígùn la pákó. Ayùn ẹlẹ́ni-méjì ni ìyẹn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òòró igi ni ó ń là. Èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í la òòró. Ìbú ni ó ń gé. Òun ni a fi ń wó igi tí ó dúró, òun náà ni a sì fi ń gé ìtì tí ó wà nílẹ̀ sí ègé ègé.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi ìgbálẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Igi dàbí ìdì ìgbálẹ̀: àwọn ọ̀pá tínínrín púpọ̀ ni ó fara mọ́ra wọn láti ìdí dé orí. Láti ya ìdì ìgbálẹ̀ sí méjì ní òòró kò nira. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ gé e ní ìbú, kò sí ọ̀nà mìíràn bí kò ṣe kí a gé ọ̀pá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ni ayùn yìí fi ní oríṣi eyín méjì. Èkínní ni eyín ìgé, tí ó mú bí ọ̀bẹ. A tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ó lè fa ìlà méjì tí ó jìn sí ara igi. Èkejì ni eyín ìkó, tí a kò tẹ̀ síbì kan. Òun ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń ha igi tí ó wà láàárín ìlà méjèèjì, ó sì ń kó o jáde, gẹ́gẹ́ bí ọkọ́ ti ń wa erùpẹ̀ láàárín poro.

Àwọn ayùn tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ kò ní eyín ìkó rárá. Eyín ìgé nìkan ni wọ́n ní. Nígbà tí ó yá ni a ṣe oríṣi mìíràn. Nínú èyí tí a ń pè ní champion, eyín ìgé méjì ni ó ń tẹ̀lé eyín ìkó kan. Ó dára fún igi líle. Nínú èyí tí a ń pè ní lance, eyín ìgé mẹ́rin ni ó wà láàárín eyín ìkó kan àti èkejì. Ó dára fún igi tí ó rọ̀.

Ìyàtọ̀ kan tún wà ní ti ẹ̀yìn ayùn. Èyí tí a fi ń wó igi fúyẹ́, ó sì ń tẹ̀; ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ wọ inú, kí àyè lè wà kíákíá láti ki wẹ́jì bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Wẹ́jì ni irin tàbí igi tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín tí ìdí rẹ̀ sì nípọn, tí a ń gbá wọ ojú ibi tí a gé kí ó má bàa pa dé. Èyí tí a fi ń gé ìtì wúwo jù ú lọ, kò tètè tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tọ́. Gígùn ayùn wọ̀nyí sábà máa ń wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 8. Ṣùgbọ́n fún àwọn igi redwood ńláńlá ti California, a ṣe èyí tí ó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ.

2. BÍ Ó TI KÙ DÍẸ̀ KÍ ÌMỌ̀ NÁÀ PARẸ́

Àwọn ará Róòmù ìgbàanì ti mọ ayùn tí ń gé ìbú igi. Síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà, àáké ni a fi ń wó igi títí di nǹkan bí ọdún 1880. Lẹ́yìn náà ni ayùn gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àáké. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ń rọ ọ́: iléeṣẹ́ Simonds ní ìlú Fitchburg, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1832, ti Henry Disston ní Philadelphia, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1840, àti ti Atkins ní Indianapolis. Ní ibùdó àwọn agégi, olùpọ́n ayùn ní ahéré tirẹ̀. Kì í lọ sí igbó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó ti fáìlì àti òòlù, kí ayùn tí ó kú lónìí lè jí ní ọ̀la. Iyì rẹ̀ pọ̀, nítorí bí eyín ayùn bá kú, agbára àwọn agégi di asán.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí ó parí ní ọdún 1945, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì gba gbogbo igbó kan. Ohun tí ẹni méjì ń ṣe fún wákàtí kan, ẹnì kan ń ṣe é ní ìṣẹ́jú díẹ̀. A kò lè dá àwọn agégi lẹ́bi pé wọ́n yàn án. Ṣùgbọ́n àwọn olùpọ́n ayùn ń darúgbó láì ní ọmọ-iṣẹ́.

Ní ọjọ́ 3 oṣù September, ọdún 1964, Ààrẹ Lyndon B. Johnson fọwọ́ sí òfin tí a ń pè ní Wilderness Act. Òfin náà ya àwọn igbó kan sọ́tọ̀, tí gbogbo wọn jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù éékà 9 nígbà náà, tí ó sì ti ju mílíọ̀nù éékà 100 lọ ní ìsinsìnyí. Ó pàṣẹ pé kí a má ṣe lo ẹ̀rọ ẹlẹ́ńjìnnì nínú wọn, àfi bí ọ̀ràn kan bá mú un di dandan. Ṣùgbọ́n igi kò dẹ́kun láti máa wó dí ọ̀nà. Kí ni a ó fi gé e? Ayùn ẹlẹ́ni-méjì ni. Ta ni ó sì mọ̀ ọ́n pọ́n? Àwọn díẹ̀ ni ó kù.

Ọkùnrin kan, Warren Miller, tí ń ṣiṣẹ́ nínú igbó ìjọba ní ìpínlẹ̀ Idaho, kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1977 iléeṣẹ́ U.S. Forest Service, tí ń ṣe ìtọ́jú igbó ìjọba, tẹ ìwé rẹ̀ jáde, orúkọ rẹ̀ ni Crosscut Saw Manual. Ìwé kékeré ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ń pọ́n ayùn ṣì ń lò ó di òní olónìí. Ìwé kan ṣoṣo di afárá láàárín àwọn àgbà tí ń lọ àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń bọ̀.

3. BÍ A TI Í WÁ A, TÍ A SÌ Í YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Ẹnìkan lè bi wá pé, "Kí ló dé tí a kò kúkú ra tuntun?" Ìdáhùn ni pé púpọ̀ nínú àwọn tuntun nípọn bákan náà láti eyín dé ẹ̀yìn. Àwọn ayùn àtijọ́ tí ó dára kò rí bẹ́ẹ̀. A lọ̀ wọ́n kí ẹ̀yìn wọn lè tín-ín-rín ju ìhà eyín lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn ayùn kò fi í há bí igi bá fẹ́ fún un mọ́ra. Ayùn tí kò ní irú lílọ̀ yìí ń fẹ́ kí a tẹ eyín rẹ̀ síta púpọ̀. Ihò rẹ̀ yóò gbòòrò, ẹni tí ń fà á yóò sì ṣe wàhálà láti gé igi tí kò nílò gígé. Lára àwọn ayùn Simonds mìíràn, a lè rí ọ̀rọ̀ náà Crescent Ground, tí a kọ sára irin. Àmì irú lílọ̀ dáradára bẹ́ẹ̀ ni.

Ní Amẹ́ríkà, inú abà àgbẹ̀, ọjà ohun àlòkù, àti gbàǹjo tí a fi ń ta ẹrù ẹni tí ó ti kú ni a ti ń rí wọn. Àwọn mìíràn wà lára ògiri: àwọn ènìyàn ti kun wọ́n ní ọ̀dà, wọ́n sì ya àwòrán òkè àti odò sí wọn lára. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọ̀kan, kí ó ṣe àkíyèsí nǹkan márùn-ún yìí:

(a) Kí ó gbé e sókè, kí ó fi ojú kan wò ó láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bí ó bá tẹ̀ díẹ̀, ẹni tí ó mọ òòlù lò lè tọ́ ọ. Bí ó bá ká, kí ó fi sílẹ̀.
(b) Kí ó wo ìdí eyín kọ̀ọ̀kan, bóyá ó ti sán. Ayùn tí ó sán lè ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni.
(d) Kí ó wo gígùn eyín. Gbogbo ìgbà tí a bá pọ́n ayùn ni eyín rẹ̀ ń dínkù. Èyí tí a ti pọ́n jù kò ní ọjọ́ púpọ̀ mọ́.
(e) Kí ó wo ìpẹtà. Èyí tí ó wà lójú irin nìkan kò burú. Ṣùgbọ́n bí ìpẹtà bá ti jẹ ihò sí ìhà eyín, orí eyín kò ní le mọ́.
(ẹ) Kí ó má ṣe kọ ayùn nítorí èèkù. Èèkù jíjẹrà kò tó nǹkan. A lè gbẹ́ òmíràn.

4. BÍ A TI Í TÚN UN ṢE

Fífọ̀ ni ó ṣáájú. A ó tẹ́ ayùn sórí pákó tí ó tẹ́jú, a ó ta kẹrosíìnì sí i, a ó sì fi òkúta tí a fi ń pọ́n irin ha ìpẹtà rẹ̀ lọ ní òòró ayùn, láì kánjú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀rọ alọ̀rin ṣe é. Ooru rẹ̀ yóò mú kí irin náà rọ̀, yóò sì jẹ lára irin tí àwọn àgbà ti fi ọgbọ́n lọ̀. Lẹ́yìn fífọ̀, bí ó bá tẹ̀, a ó tọ́ ọ. Nígbà náà ni iṣẹ́ eyín yóò tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà mẹ́rin ni ó sì pín sí.

Èkínní, mímú gbogbo orí eyín ìgé dọ́gba. A ó fi fáìlì pẹlẹbẹ gba orí gbogbo wọn kọjá, títí èyí tí ó ga jù yóò fi bá èyí tí ó kúrú jù dọ́gba. Eyín kan ṣoṣo tí ó bá ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun nìkan ni yóò máa gbé ẹrù tí ó tọ́ sí gbogbo wọn.

Èkejì, gígé eyín ìkó kúrú. Ó gbọ́dọ̀ kúrú díẹ̀ ju eyín ìgé lọ, láti nǹkan bí ìdá 8 nínú ẹgbẹ̀rún íńṣì kan fún igi líle, títí dé nǹkan bí ìdá 30 fún igi tí ó rọ̀ púpọ̀. Kí ẹ lè mọ bí ó ti kéré tó: tákàdá ìkọ̀wé wa kan nípọn tó nǹkan bí ìdá 4 nínú ẹgbẹ̀rún íńṣì. Nítorí náà, fún igi líle, tákàdá méjì péré ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ayùn tí ń kọrin àti ayùn tí ń sunkún. Bí eyín ìkó bá gùn jù, kò ní jẹ́ kí eyín ìgé wọlé jìn. Bí ó bá kúrú jù, kò ní kó nǹkan jáde bí ó ti yẹ.

Ẹ̀kẹta, pípọ́n eyín ìgé títí orí rẹ̀ yóò fi mú. Bí ó bá ti mú, kí a dúró. Bí a bá fi fáìlì kàn án ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti kúrú nìyẹn, a sì ti ba iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́.

Ẹ̀kẹrin, títẹ orí eyín ìgé síta, ọ̀kan sí ọ̀tún, èkejì sí òsì, pẹ̀lú òòlù kékeré. Fún igi líle tí ó gbẹ, nǹkan bí ìdá 10 nínú ẹgbẹ̀rún íńṣì ti tó.

Bí a ó ti mọ̀ pé a ṣe é dáadáa ni èyí: kí a wo ohun tí ń jáde láti inú igi. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú, iṣẹ́ kò tíì parí. Bí ó bá jẹ́ ìfọ́nrán gígùn bí okùn, ẹ jẹ́ kí a yin olùpọ́n.

5. BÍ A TI Í LÒ Ó

Ẹ mú tákàdá tínínrín gígùn kan. Ẹ fà á ní ìpẹ̀kun méjèèjì: ó tọ́ gbọọrọ. Ẹ tì í láti ìpẹ̀kun kan: ó ká. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ayùn rí. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi wí pé kí a má ṣe tì í. Ẹni tí kò fà ní àkókò náà kì í ju èèkù sílẹ̀. Ó kàn ń bá a lọ ni, láì tì í, láì dì í mọ́lẹ̀, láì fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kí fífà náà gùn, kí gbogbo eyín lè ṣiṣẹ́. Kí ó má ṣe yára jù, nítorí ẹni tí ó bá sáré ní àárọ̀ kì í dé ọ̀sán. Bí oje igi bá ń lẹ̀ mọ́ irin, a ó ta òróró díẹ̀ sí i.

Kí a tó fi ayùn kan igi, ó yẹ kí a bi igi náà léèrè ibi tí ó ń tẹ̀ sí. Bí ìtì bá gbé orí lé nǹkan ní ìpẹ̀kun méjèèjì tí àárín rẹ̀ sì wà lófìfo, òkè rẹ̀ ni ó ń fún pọ̀. Bí a bá ń gé e láti òkè, yóò pa dé mọ́ ayùn, àfi bí a bá tètè gbá wẹ́jì bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ìpẹ̀kun kan bá yọ síta láì sí ohun tí ó gbé e ró, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ń fún pọ̀, òkè rẹ̀ ni ó sì ń fẹ́ ya. A óò kọ́kọ́ gé ìsàlẹ̀ díẹ̀ kí a tó gé òkè, kí igi má bàa fà ya lójijì. Èyí ni ohun tí àwa kò mọ̀ ní ọjọ́ igi afàrà. Ayùn há nítorí pé àárín ìtì náà wà lófìfo, a sì bú ayùn.

Ní ti ewu, ẹ jẹ́ kí a má fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ní orí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró ní ìhà ìsàlẹ̀ ìtì tí ó lè yí. Bí igi dídúró bá jẹ́ èyí tí a ó wó, kí a kọ́kọ́ wo òkè bóyá ẹ̀ka gbígbẹ wà níbẹ̀, kí a sì ti ṣán ọ̀nà tí a ó gbà sá kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń gbé ayùn rìn, kí a fi nǹkan bo eyín rẹ̀. Rọ́bà omi àwọn panápaná tí ó ti gbó, tí a là ní òòró, ni àwọn agégi Amẹ́ríkà fi ń bò ó. Ní igbó ìjọba níbẹ̀, ẹni tí yóò fi ayùn ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ àti ìwé-ẹ̀rí ṣáájú. Àwọn baba wa pàápàá wí pé, bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a máa fi ọ̀ràn ro ara wa wò.

6. OHUN TÍ Ó KAN ÀWA OLÙKỌ́ Ọ̀LA

Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín ayùn tí ó wà ní yàrá irinṣẹ́ wa àti àwọn tí ń gé igi ní Idaho? Kì í ṣe ti irin. Níbẹ̀, ẹnì kan béèrè ní àkókò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Níhìn-ín, ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè: ayùn yìí kan náà ni ó fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà hàn wá, nítorí àgbà tí kò ní ẹni tí yóò di èèkù kejì mú kò lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àwa ti pinnu láti tọ Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà lọ ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, pẹ̀lú ìwé àti gègé, kí a bi wọ́n léèrè gbogbo ohun tí wọ́n rántí nípa iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó wá. Ayùn náà pẹ̀lú yóò bá wa lọ. A ti fọ ìpẹtà rẹ̀ dé ìdajì.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni iṣẹ́ eyín ìgé, kí sì ni iṣẹ́ eyín ìkó? Fi ìgbálẹ̀ ṣe àlàyé.
2. Èéṣe tí a kì í fi í ti ayùn ẹlẹ́ni-méjì?
3. Ìtì kan yọ síta kọjá etí kòtò láì sí ohun tí ó gbé ìpẹ̀kun rẹ̀ ró. Ìhà wo ni ìwọ yóò kọ́kọ́ gé, èésìtiṣe?
4. Iṣẹ́ ọwọ́ wo ní ìlú rẹ ni ó kù sọ́wọ́ ẹnì kan tàbí ẹni méjì? Lọ béèrè, kí o sì kọ ọ́ wá.